Kata Kan Náà, Ara Ò Dọ́gba: Ìbéèrè Yín Lórí Ṣúgà, Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Òtútù Àyà

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ni ìbéèrè yín ti ń rọ́ wọlé, ó sì jọ pé ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń forí lé: kata mú ẹni tó ní ṣúgà, tàbí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ẹni tó sanra gan, kata tí ẹlòmíì fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú tó sì tán, òun wá dèrò ọsibítù. Mo ṣa díẹ̀ nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí inú ẹ̀ ni gbòǹgbò àwọn yòókù wà.

*Anti Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi la jọ ń ta èlùbọ́ láfún lọ́jà, a jọ ń jẹun, a jọ ń jókòó. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá kata mú àwa méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Òun lo parasitamọ́ọ̀, ó sùn, ó jí, ó tán. Tèmi di ikọ́, ó di kí n máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù, wọ́n ní òtútù àyà ni. Mo ti ní ṣúgà láti bí ọdún mẹ́jọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mi ò jẹun gidi kan fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, síbẹ̀ tí wọ́n wọn ṣúgà mi, ó lé ní 300. Níbo ló ti wá? Àwọn kan ń sọ fún mi pé ayé ló ṣe mí, wọ́n ní ṣé kata kan náà kọ́ ló mú àwa méjèèjì ni.*
Ìyá Elélùbọ́, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ewu o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó yọ yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ayé yẹn kúrò nílẹ̀ ná, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń da àárín ẹbí rú. Kò sẹ́ni tó ṣe yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì kan náà ló wọ ẹ̀yin méjèèjì lára, àmọ́ ara tó bá níbẹ̀ ò dọ́gba.

Níbo ni ṣúgà ti wá nígbà tí ẹ ò jẹun? Inú ẹ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ẹ̀dọ̀ máa ń kó ṣúgà pamọ́, ó tún máa ń ṣe tuntun fúnra ẹ̀ tí oúnjẹ ò bá wọlé. Tí àìsàn bá wá dé, ara á mọ̀ pé ìjà dé, á tú àwọn họ́mónù kan jáde, kọ́tísọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, adirẹnálíìnì wà níbẹ̀, àwọn yẹn á ní kí ẹ̀dọ̀ da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí agbára lè wà, wọn ò sì ní jẹ́ kí ínsúlíìnì, èyí tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tí ò ní ṣúgà ni, ara ẹ̀ á tú ínsúlíìnì kún un, ó parí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ínsúlíìnì tiyín ò tó láti ilẹ̀, tàbí kó wà kí ara má gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ni ṣúgà á bá máa gòkè láìjẹ láìmu. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pariwo pé ọjọ́ tí alátọ̀gbẹ ò lè jẹun torí ibà gan-an lọjọ́ tó yẹ kó wọn ṣúgà ẹ̀ jù, kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kó gbé mítà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ṣebí òun ò jẹ nǹkan kan.

Ṣúgà tó gòkè yẹn náà ló wá ń ṣàkóbá fún ara tó ń jà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lé kòkòrò, àmọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ṣúgà kún, wọn kì í tètè débi tí ìjà wà, tí wọ́n bá sì débẹ̀ agbára tí wọ́n fi ń gbé kòkòrò mì ti dínkù, bíi fijilanté tí wọ́n ké sí lóru tí ẹrẹ̀ ọ̀nà ò jẹ́ kó tètè dé, tó sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó yọ. Fáírọ́ọ̀sì á ráyè bí sí i nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tó wá burú sí ni pé tí ara bá jí gìrì tán, ó máa ń jà kọjá bó ṣe yẹ. Nínú ara ẹni tó ní ṣúgà tàbí tó sanra jù, àwọn kẹ́míkà tí ara fi ń pe ìjà ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí àìsàn kankan, tí fáírọ́ọ̀sì bá wá dé wọ́n á tú jáde lájùlọ, ẹ̀dọ̀fóró fúnra ẹ̀ á wú, omi á dúró síbi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà, ẹ̀jẹ̀ á máa dì nínú àwọn iṣan tín-tìn-tín. Bí mímí ṣe ń di iṣẹ́ nìyẹn.

Kò wá tán síbẹ̀ o. Àwọn bakitéríà kan ń gbé imú àti ọ̀fun wa tí wọn kì í yọ wá lẹ́nu, àmọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá ti ha ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ bó tán, wọ́n á rí ọ̀nà wọlé. Fúlù ọdún 1918 tó pa èèyàn rẹpẹtẹ káyé, tó dé Èkó lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn onímọ̀ tó tún ẹran ara àwọn tó kú nígbà náà yẹ̀ wò rí i pé òtútù àyà tí bakitéríà mú wá lẹ́yìn fúlù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo lérò pé irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí yín, torí ẹ ní kata ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ló di òtútù àyà.

Nígbà tí Kòrónà dé, ọ̀rọ̀ yìí hàn sí gbogbo ayé. Ní England, wọ́n ka àwọn tí Kòrónà pa ní ọsibítù láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún ọdún 2020, nínú ẹni mẹ́ta tó kú, bí ẹnì kan ló ní ṣúgà. Wọ́n tún ṣírò ẹ̀ kí ọjọ́ orí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ má baà tàn wọ́n jẹ, síbẹ̀ ewu ikú ẹni tó ní ṣúgà irú kejì, èyí tó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà, jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹni tí ò ní, irú kìíní tí èèyàn fi ń gba ínsúlíìnì láti kékeré wá jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn náà, nígbà tí MERS, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tó jẹ́ ẹbí Kòrónà, bẹ́ sílẹ̀ ní Saudi Arabia lọ́dún 2012, àwọn tó ní ṣúgà ló pọ̀ nínú àwọn tí àìsàn náà le fún. Ẹ má jẹ́ kí èyí já yín láyà jù, torí púpọ̀ nínú àwọn alátọ̀gbẹ tí Kòrónà mú ni ara wọn yá. Ohun tó wà nínú ìwádìí England yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ṣinṣin ni pé ewu ò dọ́gba láàárín àwọn alátọ̀gbẹ fúnra wọn: ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti ń ga láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn kí àìsàn tó dé, òun ni ọ̀rọ̀ le fún jù. Ẹ rí i pé ìjà kata oṣù kejìlá, láti oṣù kẹsàn-án ni ẹ ti ń jà á, lẹ́nu oògùn tí ẹ ń lò déédéé àti oúnjẹ tí ẹ ń ṣọ́.

Tó bá wá tún ṣẹlẹ̀ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ọjọ́ tí ara bá kọ́kọ́ gbóná ni kí ẹ gbé mítà ṣúgà jáde, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n ní bíi wákàtí mẹ́rin mẹ́rin tí ojú yín bá ṣì là. Àwọn mítà kan ń kọ ọ́ bíi 120, òmíì ń kọ ọ́ bíi 6.7, ohun kan náà ni, ẹ kàn fi 18 sọ kékeré yẹn di púpọ̀. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́ torí ṣúgà tó ga máa ń fi ìtọ̀ gbé omi ara jáde. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ò gbọdọ̀ dá a dúró pé òun ò jẹun, ibi táwọn èèyàn ti ń ṣe ara wọn léṣe nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n máa ní kó gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti àwọn tó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ síyẹn: glibenclamide àti glimepiride lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù tí èèyàn ò bá jẹun, metformin sì wà tí wọ́n máa ń ní kéèyàn fi sílẹ̀ ná tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àwọn tí orúkọ wọn ń parí sí gliflozin náà, bíi dapagliflozin, bẹ́ẹ̀. Torí ẹ̀, ẹ pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kílíníìkì yín lọ́jọ́ kìíní, kì í ṣe ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n sọ èyí tí ẹ máa lò àti èyí tí ẹ máa dá dúró. Tí ṣúgà bá lé ní 300 tó sì kọ̀ tí ò wálẹ̀, tàbí tí ẹ ń bì tí omi ò dúró nínú, tí mímí ń yára, tí oorun àìmọ̀dí ń gbé yín lọ, tàbí tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín ń ṣì, ọsibítù ni lọ́jọ́ yẹn, kódà kó jẹ́ òru. Tó bá sì wálẹ̀ ju 70 lọ, ohun dídùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mu.

Mo tún fẹ́ bẹ àwọn tó ń bẹ aláìsàn wò. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé móòtì páálí kan àti gúlúkóòsì dání, àmọ́ ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti wà ní 300, tó sì ń mu un torí kó má baà jẹ́ pé ó kọ oore, ẹ̀ ń pa á lára ni. Ẹ gbé omi lọ fún un, ẹ gbé ẹja, ẹ gbé ẹyin, ẹ bá a ra sítíríìpù mítà ẹ̀, ìyẹn gan-an lowó ẹ̀ wọ́n fún un.

*Ẹ káàsán ma. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ń gbé. Bàbá mi sanra gan, ikùn wọn tóbi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́n sì ń lo lisinopril, àmọ́ wọ́n yẹ ṣúgà wò, kò sí. Wọ́n ní torí kò sí ṣúgà, ọ̀rọ̀ fúlù àti Kòrónà ò kan àwọn. Wọ́n tún ní àwọn gbọ́ nígbà Kòrónà pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣí ilẹ̀kùn fún fáírọ́ọ̀sì, tí kata bá ti mú wọn wọ́n á dá a dúró. Báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo ń rí wọn fín?*
Ọmọ Wọn, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi, o ṣeun tó o ń ro ti bàbá. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n o, ó kàn wọ́n dáadáa.

Ìgbà fúlù ẹlẹ́dẹ̀ ọdún 2009 ló kọ́kọ́ hàn kedere sí àwọn dókítà pé sísanra jù fúnra ẹ̀, kódà tí ò bá sí àìsàn mìíì níbẹ̀, ń jẹ́ kí fúlù le ju bó ṣe yẹ lọ, tí Kòrónà dé ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tó rọrùn láti ṣàlàyé fún bàbá ni ti ikùn. Ọ̀rá inú ikùn máa ń ti iṣan tó ń fa èémí sókè, pàápàá téèyàn bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ò wá ní ṣí tán. Lójoojúmọ́ kì í hàn, ó kàn lè jẹ́ kí wọ́n máa hanrun lójú oorun. Tí òtútù àyà bá wá gba apá kan ẹ̀dọ̀fóró, kò ní sí àyè kankan tó ṣẹ́kù láti fi gba a mọ́ra. Ọ̀rá yẹn kì í sì í ṣe ẹrù lásán, òun náà ń tú àwọn kẹ́míkà ìjà tí mo sọ fún Ìyá Elélùbọ́ lẹ́ẹ̀kan jáde. Èyí tó lè wọ̀ wọ́n lọ́kàn jù ni ti ará ilé: ní Nicaragua, wọ́n tẹ̀lé àwọn ilé tí fúlù wọ̀, wọ́n rí i pé àgbàlagbà tó sanra tí fúlù irú A mú tó sì ń ṣàìsàn máa ń tú fáírọ́ọ̀sì yẹn jáde fún àkókò tó fi ìdá 42 nínú 100 gùn ju ti ẹni tí ò sanra lọ. Tí àwọn ọmọọmọ bá ń wá kí wọn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà nìyẹn.

Ní ti oògùn, lóòótọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, àwọn èèyàn bẹ̀rù ẹ̀ gan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Ẹnu ọ̀nà tí Kòrónà ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ń jẹ́ ACE2, lisinopril àti losartan sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀, ni wọ́n bá ń rò ó pé bóyá oògùn yẹn ló ń ṣí i. Wọ́n ò fi mọ sí rírò o. Ní Brazil, wọ́n mú àwọn aláìsàn Kòrónà tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí apá kan dá a dúró kí apá kejì máa lò ó lọ, àwọn tó dá a dúró ò sàn ju àwọn tó ń lò ó lọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò bá tọ́jú ló máa pa ọkàn àti kíndìnrín lára láàárín ìgbà yẹn. Kí bàbá máa lo oògùn wọn lọ, àfi tí wọ́n bá ń bì tàbí tí ara wọn gbẹ, ìgbà yẹn kí wọ́n bi dókítà. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ra fún gan-an ni àwọn oògùn kata tó máa ń la imú, torí pseudoephedrine àti phenylephrine tó wà nínú púpọ̀ nínú ẹ̀ lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kí wọ́n máa ka ẹ̀yìn páálí kí wọ́n tó gbé e mì, tàbí kí wọ́n sọ fún oníkẹ́mísì pé àwọn ní BP.

Bó o ṣe máa sọ ọ́? Má bẹ̀rẹ̀ látorí ikùn. Tó o bá délé, yá téèpù télọ̀, wọn tìẹ fúnra ẹ lójú wọn, wọn ti màmá, kó o wá ní "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wọn tiyín náà." Ọkùnrin tó bá ti lé ní 94 sẹ̀ǹtímítà, bí ínṣì 37, obìnrin tó bá lé ní 80, bí ínṣì 31 àbọ̀, ti wọ ibi tó yẹ kó ti máa kíyè sára. Nọ́ńbà á bá wọn sọ̀rọ̀, ìwọ ò ní rí wọn fín. Kó o tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa yẹ ṣúgà wò lọ́dọọdún, torí pé kò sí lónìí ò ní kó má yọjú lọ́la pẹ̀lú ikùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà níbẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n wa, dírẹ́bà ni mí, ọ̀nà Ìbàdàn ni mo ń ná. Tí kata bá ti mú mi báyìí, bọ̀dá oníkẹ́mísì kan máa ń di oògùn ẹlẹ́yọ fún mi nínú lailọ́ọ̀nù, àwọn kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ dẹ́sà, kíá ni ara mi máa ń yá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo ní ṣúgà. Ṣé kí n ṣì máa lò ó?*
Awakọ̀, Òkè-Adó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lò ó mọ́. Dẹ́sà yẹn ni dexamethasone, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni, ẹ̀dà àtọwọ́dá kọ́tísọ́ọ̀lù tí mo ní ó ń gbé ṣúgà sókè ni, ó wá lágbára jù ú lọ fíìfíì. Ara tó ń "yá kíá" yẹn, ó kàn bo ìjà ara mọ́lẹ̀ ni, ibà lọ, ìrora lọ, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀, ṣúgà yín sì ti gòkè.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé ṣebí òun ni wọ́n fi wo Kòrónà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ RECOVERY, UK ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lóṣù kẹfà ọdún 2020: láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, dexamethasone dín ikú kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, láàárín àwọn tí wọ́n ń fún ní ọ́síjìn, ó dín in kù ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, àmọ́ àwọn tí ò nílò ọ́síjìn, kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Ẹni tó jókòó sídìí mọ́tò tó ń wakọ̀ kò sí nínú ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Àwọn tí wọ́n sì fún, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, ẹnì kan ń wọn ṣúgà wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa fi kún un ni pé tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má já a lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ rí dókítà kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀, torí ara á ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ìyá àti àbúrò tó ń lò ó láti fi sanra náà o.

*Òtútù àyà gbé mi dé ọsibítù lọ́dún tó kọjá, mi ò ní ṣúgà rí, wọ́n wọ̀n ọ́n ó jẹ́ 240. Wọ́n fún mi ní oògùn. Ní báyìí tí mo bá wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí n tó jẹun, ó máa ń wà ní 95 sí 104. Ṣé alátọ̀gbẹ ni mí àbí mi ò kì í ṣe é?*
Tíṣà, Ọ̀yọ́

Tíṣà, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé àìsàn yẹn ló gbé e sókè, tó sì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ara yá, ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n fún yín lọ́sibítù tí sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ṣúgà ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò, àìsàn ló kàn tú u fó. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í yẹ ara wọn wò àfi tí nǹkan bá bàjẹ́.

Láàárọ̀ kí èèyàn tó jẹun, tí kò bá tó 100 ó dáa, láti 100 dé 125 ló ń súnmọ́ ewu, 126 sókè tó bá yọ lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Tiyín ń fẹsẹ̀ kan wà níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, tí ẹ bá sì ń lo oògùn lọ́wọ́, oògùn yẹn wà lára ohun tó mú un wálẹ̀. Ẹ bẹ dókítà yín fún àyẹ̀wò HbA1c, òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, 6.5 sókè ni ti àtọ̀gbẹ. Àmọ́ ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún wọn o. Ẹni tó jẹ́ SS, àyẹ̀wò yẹn kì í sọ òótọ́ fún un, AS náà lè da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú, àwọn èèyàn wa tó jẹ́ AS sì pọ̀ jù fún ká má máa bèèrè ẹ̀.

Ẹ má sì torí pé ó wálẹ̀ ká a kúrò lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì fún bí ọdún kan lẹ́yìn Kòrónà, wọ́n rí i pé àtọ̀gbẹ tuntun yọ lára wọn ní bí ìdá 40 nínú 100 ju ti àwọn tí Kòrónà ò mú lọ. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbà: ṣúgà ń jẹ́ kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró le, àìsàn náà sì lè fi ṣúgà sílẹ̀ lọ. Ọdọọdún ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

*Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ fún màmá mi tó ní ṣúgà. Nọ́ńbà mélòó ni mo fi máa mọ̀ pé ó tó kí n gbé wọn lọ?*
Àkọ́bí Wọn, Arówómọlẹ̀

Ó yẹ kó wà ní 95 sókè. Tó bá ti di 94 ẹ pe dókítà, 92 sílẹ̀ ẹ máa gbé wọn lọ, ẹ má dúró de ọ̀la. Àmọ́ mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ yìí torí àwọ̀ ara wa ni. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń wo inú ìka, àwọ̀ dúdú sì lè jẹ́ kó pè é jù. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2020: nínú àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ní ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò gidi, bí 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ni tiwọn kò tó 88 rárá, nígbà tó jẹ́ pé bí 4 péré ni nínú 100 aláwọ̀ funfun. Torí ẹ̀, tí ẹ̀rọ bá ní 95 àmọ́ tí màmá ò lè sọ gbólóhùn kan tán láì dúró mí, màmá ni kí ẹ gbàgbọ́, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn gbóná díẹ̀, kó má sí làálì tàbí kútẹ́ẹ̀sì lórí ìka yẹn, kí ẹ jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó kà á. Nílé yín níbẹ̀, ọ̀nà ọsibítù Bowen àti ti LAUTECH ò jìnnà, ẹ mọ èyí tí ẹ máa gbà lóru kó tó dòru.

Àwọn kúkurú tó kù. Ẹni tó ní òun ń mu oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún ikọ́: oyin lè tu ọ̀fun lára lóòótọ́, ṣúgà ló sì jẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ yín, omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan tó. Síróòpù ikọ́ náà, ṣúgà kún inú púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹ bèèrè èyí tí ò ní ṣúgà.

Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún lórí òkè àdúrà pẹ̀lú ibà lára àti ṣúgà: ẹ sọ fún pásítọ̀ yín, kí ẹ gbàdúrà pẹ̀lú oúnjẹ àti oògùn títí ara á fi yá. Mùsùlùmí náà, aláìsàn ní ìyọ̀ǹda láti san án padà nígbà tó bá yá.

Ẹni tí ikọ́ ẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tó sì ní ṣúgà: ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, mo mọ̀, àmọ́ ṣúgà máa ń jẹ́ kó rọrùn fún un láti wọlé, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn ẹ̀ ní ọsibítù ìjọba.

Ẹni tó bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára: ti Kòrónà ti wọ Nàìjíríà láti oṣù kẹta ọdún 2021, tí ẹ kò bá gbà á rí tàbí tó ti pẹ́, ẹ bèèrè ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò yín bóyá ó ṣì wà. Ti fúlù ọdọọdún ni, torí fáírọ́ọ̀sì yẹn ń pààrọ̀ ara ẹ̀, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì alààyè nínú abẹ́rẹ́ yẹn tó lè fún yín ní fúlù. Ti bakitéríà òtútù àyà náà wà fún àgbàlagbà. Fún àgbàlagbà, owó ara ẹni ni èèyàn máa fi ra méjèèjì yìí, ẹ pe fámásì ńlá tàbí ọsibítù ńlá kí ẹ tó wá ọkọ̀ lọ, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní in nínú firíìjì, kí ẹ sì sọ fún wọn láti orí fóònù pé ẹ ní ṣúgà.